Afẹ́fẹ́ Tó Há Sínú Omi Ẹ́ńjìnnì: Ẹ Má Tíì Ra Tọ́pù Gásíkẹ́ẹ̀tì

Awakọ̀ kan tó ń fi Toyota Corolla ọdún 2005 gbé èrò láti Gáréèjì Ọ̀fà ní Ìlọrin lọ sí Òmù-Àrán kọ̀wé sí mi báyìí: “Lóṣù tó kọjá ni rédíétọ̀ mi ń jò, mo ra òmíràn, mẹkáníìkì mi sì bá mi dè é. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, tí mo ń gun òkè pẹ̀lú èrò, abẹ́rẹ́ gééjì á ṣàdédé lọ sókè dé ojú pupa. Kí n tó ríbi dúró sí, á tún ti ṣàdédé já wálẹ̀. Mẹkáníìkì mi yọ thermostat dànù, ó so fáànù ní dáírẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ pàbó ló já sí. Ó wá ní tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló ti jó, kí n lọ wá owó. Ẹlòmíràn tí mo fi mọ́tò hàn ní Ọ̀fà ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì? Bó bá sì jẹ́ afẹ́fẹ́, báwo la ṣe ń lé e jáde?”

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú lẹ́tà yìí tó ṣe pàtàkì sí mi ju gbogbo ìyókù lọ. Àkọ́kọ́ ni “láti ọjọ́ náà”. Mọ́tò tí kì í gbóná jù tẹ́lẹ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n da omi inú rẹ̀ nù tí wọ́n tún bu òmíràn sí i, iṣẹ́ ọjọ́ náà ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwo pẹlẹbẹ tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Èkejì ni “ṣàdédé”. Omi tó lé ní lítà 6 ló ń yí po nínú ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀ yín, irin tó yí i ká náà sì gba ooru púpọ̀ sára. Kò sí bí gbogbo rẹ̀ ṣe lè gbóná dé ojú pupa kí ó sì tún tutù láàárín ìgbà tí ẹ fi ń wá etí títì. Ohun tó lè mú kí abẹ́rẹ́ fò bẹ́ẹ̀ ni kí omi kúrò lára sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru fún gééjì fún ìgbà díẹ̀, kí oru gbígbóná gba ipò rẹ̀, kí omi sì tún padà débẹ̀. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ẹni tó sọ̀rọ̀ ní Ọ̀fà ni mo fara sí. Ṣùgbọ́n n kò tíì fọwọ́ kan mọ́tò yín, lẹ́tà kò sì lè dá irú ẹjọ́ yìí. Àwọn ìdánwò tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ ni yóò dá a.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun méjì tí mẹkáníìkì yín ti ṣe, nítorí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló gbà pé oògùn mọ́tò gbígbóná ni wọ́n. Thermostat jẹ́ ilẹ̀kùn kékeré tó máa ń wà ní títì títí ẹ́ńjìnnì yóò fi móoru tó. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ní nǹkan bí 82°C ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì kò ní tètè móoru, pàápàá ní òwúrọ̀ ọyẹ́, epo bẹntiróòlù tí ó ń jẹ yóò sì pọ̀ sí i. Èyí tí àwọn ènìyàn kò mọ̀ ni pé nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, bí thermostat bá ti ṣí tán, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Bí kò bá sí thermostat mọ́, àbùjá náà yóò wà ní ṣíṣí sílẹ̀, apá kan lára omi gbígbóná yóò sì máa gba ibẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì láì dé rédíétọ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n yọ kí mọ́tò lè tutù ṣe lè mú kí ó gbóná sí i nígbà tí ẹ bá ń gun òkè. Ti fáànù rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mọ́tò bá ń sáré lójú ọ̀nà, atẹ́gùn tó ń fẹ́ wọ iwájú rẹ̀ ti tó fún rédíétọ̀. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni iṣẹ́ fáànù wà. Mọ́tò tó ń gbóná ní àdúgbò ọjà Ìpàtà tó sì tutù lójú ọ̀nà tó já gaara ni ẹ lè fẹ̀sùn fáànù kàn. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ fọwọ́ kan wáyà fáànù náà.

Ní ti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń há, ẹni tó bá ti fi kèǹgbè pọnmi rí ti mọ ìdá kan nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti kèǹgbè bọ omi, tí ẹnu rẹ̀ kò sì tóbi, omi kò lè wọlé àfi bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá ń jáde, ìdí sì nìyẹn tó fi máa ń dún gbulugbulu. Bí ẹ bá wá dorí rẹ̀ kodò kí ẹ tó tì í bọ omi, ẹ lè dì í mú síbẹ̀ títí di alẹ́, kò ní kún. Inú ẹ́ńjìnnì kún fún irú kèǹgbè adorí-kodò bẹ́ẹ̀: àwọn ihò omi tó yí sìlíńdà ká, orí ẹ́ńjìnnì, hósì tó lọ sí hítà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́, ẹnu rédíétọ̀ ló ga ju gbogbo ibi tí omi ń dé lọ, afẹ́fẹ́ a sì máa gòkè wá fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ iwájú rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè máa la atẹ́gùn kọjá, rédíétọ̀ náà bá a lọ sílẹ̀, orí ẹ́ńjìnnì àti hósì hítà sì wá ga jù ú lọ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́tò. Ó jọ mí lójú pé ìdí nìyí tí àwọn ọ̀gá wa kan tó kọ́ṣẹ́ lórí mọ́tò ìgbà náà fi máa ń fojú di ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Wọ́n á da omi láti inú kẹ́ẹ̀gì títí yóò fi kún dé ẹnu, wọ́n á dé e, wọ́n á ní ó ti parí. Ó kún dé ẹnu lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kún dénú.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nìkan kọ́ ló ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé. Ìdérí rédíétọ̀ tí ẹ ń rí yẹn, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe, bó ti wù kó kéré tó. Sípíríńgì rẹ̀ ń dì mọ́ omi pẹ̀lú agbára, tó sábà máa ń wà láàárín báà 0.9 sí 1.1 nínú àwọn mọ́tò bíi tiyín, agbára náà sì ń sún ibi tí omi ti ń hó láti 100°C dé nǹkan bí 120°C. Bí agbára yẹn kò bá sí, omi yóò tètè hó nínú orí ẹ́ńjìnnì, oru rẹ̀ yóò sì ṣe gbogbo ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe. Iṣẹ́ kejì wà ní àárín ìdérí náà gan-an, níbi tí ilẹ̀kùn kékeré kan wà tó ń ṣí nígbà tí mọ́tò bá ń tutù, kí omi inú ike ẹ̀gbẹ́ (ike tí rédíétọ̀ ń tú omi tó bá pọ̀ jù sí) lè fà padà sínú rédíétọ̀. Bí ilẹ̀kùn yìí bá lẹ̀ pa, tàbí tí rọ́bà etí ìdérí bá ti gé, tàbí tí ike ẹ̀gbẹ́ bá gbẹ, afẹ́fẹ́ ni mọ́tò yóò máa fà mu lálaalẹ́ dípò omi. Bákan náà ni ibi tó ń jò díẹ̀díẹ̀: omi ń gba ibẹ̀ jáde nígbà tó gbóná, afẹ́fẹ́ sì ń gba ibẹ̀ wọlé nígbà tó tutù. Ẹ bi ara yín bóyá ìdérí àtijọ́ ni wọ́n dé mọ́ rédíétọ̀ tuntun, tàbí èyí tó bá a wá láti inú páálí. N kì í gbẹ́kẹ̀ lé ìkankan nínú méjèèjì títí n óò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ má ṣe rò pé nítorí mo ní kí ẹ má tíì ra gásíkẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a lè fi sílẹ̀ títí di òpin oṣù. Páńpù omi kò lè ti afẹ́fẹ́ bó ṣe ń ti omi. Bí ó bá dé àárín rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ á máa yí lásán, omi á sì dúró lójú kan. Àgbègbè orí ẹ́ńjìnnì tí omi kò dé yóò gbóná kọjá ìwọ̀n. Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì yín, alumíníọ̀mù tó bá sì gbóná bẹ́ẹ̀ léraléra á tẹ̀, ìgbà náà ni gásíkẹ́ẹ̀tì yóò wá jó ní tòótọ́. Bí ẹ bá ń bá a lọ báyìí, tí ẹ ń gbé èrò gun òkè lọ sí Òmù-Àrán lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì àkọ́kọ́ lè padà wá ṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jóòótọ́ lónìí. Ẹ gbé mọ́tò náà sílẹ̀ ná.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ afẹ́fẹ́ iṣẹ́ àti èyí tó ń wá láti inú gásíkẹ́ẹ̀tì? Afẹ́fẹ́ tó wọlé nígbà iṣẹ́ níye. Bí a bá lé e jáde, ó tán. Èyí tí gásíkẹ́ẹ̀tì ń tú sínú omi kì í tán, nítorí èéfín iná inú sìlíńdà ni, ẹ́ńjìnnì ló sì ń ṣe é jáde nígbàkígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Lórí èyí ni gbogbo ìdánwò dúró. Ní òwúrọ̀, kí ẹ tó ta mọ́tò rárá, ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, ẹ bu omi kún un, kí ẹ wá ta á pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ ní ṣíṣí. Ìfóòfó díẹ̀ tó ń yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó sì ń dínkù bí àkókò ti ń lọ kì í bani lẹ́rù. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, tí ó ń ru bí àdín orí iná, tí kò dẹwọ́, tó sì ń le sí i bí ẹ bá tẹná, èyí jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí orí ẹ́ńjìnnì tó là. Ní òwúrọ̀ mìíràn, ẹ dé ìdérí náà pa, ẹ ta mọ́tò, kí ẹ sì di hósì òkè mú: bó bá le gbagidi láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì nígbà tí kò tíì móoru rárá, kì í ṣe ooru ló mú un le, èéfín ni. Ẹ fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì yọ, kí ẹ wo ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí. Bí ẹ bá rí ohun tó funfun bí ògì níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé omi ti ń wọ ọ́ìlì. Èéfín funfun tó nípọn tí kò dẹ́kun lẹ́yìn tí mọ́tò ti móoru náà jẹ́ ẹ̀rí. Oògùn olómi búlúù kan sì tún wà tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ ẹnu rédíétọ̀ kọjá nínú rẹ̀; bí èéfín iná bá wà nínú afẹ́fẹ́ náà, àwọ̀ rẹ̀ á yí sí yẹ́lò. Bí ẹ bá rí ṣọ́ọ̀bù tó ní in, owó ìdánwò náà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó títú orí ẹ́ńjìnnì.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé èmi náà ti ṣe é rí. Lọ́dún kejì tí mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀, wọ́n gbé Toyota Carina kan wá tó ń da omi jáde ní ike ẹ̀gbẹ́. N kò yẹ ohunkóhun wò, mo ní tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni, mo sì tú orí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí mo bá níbẹ̀ kò ní àbàwọ́n kan. Mo pààrọ̀ rẹ̀ náà, mo tò ó padà, omi ṣì ń dà. Ìdérí ni, rọ́bà rẹ̀ ti gé níbi tí n kò yí i padà láti wò. Èmi ni mo san owó gásíkẹ́ẹ̀tì náà, n kò sì lẹ́nu láti béèrè owó iṣẹ́.

Ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù kò nílò ẹ̀rọ kankan, ṣùgbọ́n ṣàṣà ni ẹni tó ń ṣe é: ẹ wọn omi. Nígbà tí mọ́tò bá tutù pátápátá, ẹ gbé ọpọ́n tó mọ́ sábẹ́ rédíétọ̀, ẹ ṣí nọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí omi náà dà sínú ọpọ́n tán. Ẹ fi ìgò tí ẹ mọ iye tó ń gbà wọn ohun tó jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń bu omi padà, ẹ tún wọn èyí tó wọlé. Bí lítà 3 bá jáde, tó sì jẹ́ lítà 4 àti ààbọ̀ ló wọlé kí ó tó kún lóòótọ́, ẹ ti mọ̀ pé lítà kan àti ààbọ̀ afẹ́fẹ́ ni ẹ ti ń gbé kiri. Bí iye tó jáde àti iye tó wọlé bá dọ́gba pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ ṣe, ó yẹ kí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí èrò mi padà.

Ní ti lílé e jáde, Corolla yín kò ní ìdè tí a ń tú fún afẹ́fẹ́, sùúrù ni yóò ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n dá thermostat padà, tuntun tó bá ṣeé ṣe. Pínnì kékeré kan wà létí rẹ̀ tó ń mì, ihò tó wà níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, nítorí náà òkè ni kí ó dojú kọ. Bí wọ́n bá dè é kí pínnì náà wà nísàlẹ̀, ẹ lè fi odindi ọjọ́ kan lé afẹ́fẹ́ láì rí i lé. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti dagun díẹ̀, kí iwájú mọ́tò kọjú sókè, tàbí kí ẹ gbé táyà iwájú lórí pákó tó nípọn, kí ẹ fa háńdìbíréèkì, kí ẹ sì fi òkúta dí ẹ̀yìn táyà. Ohun tí a ń wá ni kí ẹnu rédíétọ̀ tún di ibi tó ga jù lọ. Kí ó lè tún ga sí i, ẹ gé ìdí ìgò ike kan dànù, ẹ fi rọ́bà túbù tí àwọn fọkanáísà máa ń gé we ọrùn rẹ̀, kí ó lè há dáadáa sí ẹnu rédíétọ̀ bí àrọ. Ẹ yí hítà sí ibi tó gbóná jù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ mọ́tò ní ìlú wa ni wọ́n ti gé hítà rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì so hósì rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ nínú tiyín, ẹ wò ó bóyá ibi tí wọ́n so náà kò ṣẹ́ kọ́rọ́ sókè, nítorí ibẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ máa ń sá sí.

Ẹ wá máa bu omi náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fọwọ́ fún hósì òkè bí ẹni ń fún ọmú màlúù, kí ẹ máa dúró kí ìfóòfó yọ kí ẹ tó tún bu òmíràn. Nígbà tí kò bá gbà mọ́, ẹ ta mọ́tò, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa rọra ṣiṣẹ́ láì tẹná fún bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20. Omi inú àrọ yóò máa lọ sílẹ̀, ẹ máa bù sí i. Láàárín rẹ̀, ẹ fọwọ́ kan hósì ìsàlẹ̀: ìgbà tó bá móoru, ẹ mọ̀ pé thermostat ti ṣí, ìgbà yẹn ni afẹ́fẹ́ púpọ̀ sábà máa ń jáde pa pọ̀. Ẹ wá lè rọra tẹná díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kì í ṣe kí ẹ́ńjìnnì máa ké. Ẹ dá wáyà fáànù padà sí bó ti wà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí fáànù tó dá tan tó tún dá kú lẹ́ẹ̀mejì jẹ́ àmì pé omi ti dé ibi tó yẹ kó dé. Bí hítà bá ṣì wà, atẹ́gùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná. Bó bá ń fẹ́ tútù nígbà tí gééjì wà láàárín, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú hósì rẹ̀. Nígbà náà ni kí ẹ pa mọ́tò, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó yọ àrọ, ẹ dé ìdérí, kí ẹ sì bu omi sínú ike ẹ̀gbẹ́ dé àmì òkè. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ wo ike náà. Bí omi rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, tí rédíétọ̀ sì kún, ìròyìn ayọ̀ ni: afẹ́fẹ́ tó kù ti jáde, omi ló fà padà. Ẹ bù ú padà dé àmì, kí ẹ máa wò ó láràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí fún ẹni tó bá ń kánjú: ẹ má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí mọ́tò bá gbóná, ì báà jẹ́ pẹ̀lú àkísà. Omi tí agbára ìdérí ń dì mọ́lẹ̀ ní 110°C yóò di oru lójijì bí ẹ bá ti tú u, ojú àti àyà ẹni tó ṣí i ni yóò sì bà. Ó kéré tán, ẹ dúró fún wákàtí kan, títí hósì òkè yóò fi rọ̀ tí ẹ ó sì lè dì í mú pẹ́.

Ọ̀nà tó yá ju èyí lọ wà. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń dé mọ́ ẹnu rédíétọ̀, tí a ń fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bíi ti fọkanáísà fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, tí omi yóò sì fà wọlé fúnra rẹ̀ sí ibi gbogbo. Àǹfààní rẹ̀ kejì ni pé bí gééjì rẹ̀ kò bá dúró lójú kan lẹ́yìn tí a ti fà á tán, a mọ̀ pé ibi kan ń jò. Ṣùgbọ́n fún ẹ́ńjìnnì tí kò díjú bíi tiyín, n kò ní ní kí ẹ tìtorí rẹ̀ rìn jìnnà. Ẹni tó ní Honda Accord àárín àwọn ọdún 1990 ní ìdè tí wọ́n ń tú fún afẹ́fẹ́ nítòsí ibi tí hósì òkè ti wọ ẹ́ńjìnnì, ẹni tó ní Peugeot 406 náà sì ní tirẹ̀ lára hósì. Kí wọ́n tú u títí omi tí kò ní ìfóòfó yóò fi máa jáde. Àwọn BMW tí iná ń yí páńpù omi wọn ní ètò tiwọn tó yàtọ̀ pátápátá, ọ̀nà tí mo sọ yìí kò sì bá wọn mu.

Omi tí ẹ ó bù sí i, kí ó jẹ́ coolant (omi aláwọ̀ tí wọ́n ń tà fún rédíétọ̀) tí a ti pò tán tàbí èyí tí ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ ilẹ̀ pò ní ìlàjì-ìlàjì. Omi borehole máa ń fi ẹfun sílẹ̀ sínú àwọn ihò tóóró rédíétọ̀, bí ẹ ti ń rí i nínú ìkòkò tí a fi ń se omi.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, ẹ kọ́kọ́ wa mọ́tò láì gbé èrò lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo kí ẹ sì padà, kí ẹ tó gùn dé Òmù-Àrán. Kí ẹ máa kọ iye omi tí ẹ bá bù sí i láràárọ̀ sílẹ̀. Bí iye náà bá ń dínkù tó sì dá dúró, ẹ lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó ṣì ń gba omi lójoojúmọ́, tí kò sì sí ibi tó ń jò lóde tí ìdérí rẹ̀ sì jẹ́ tuntun, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ náà lọ bá mẹkáníìkì yín àkọ́kọ́, kí ẹ wá jọ sọ̀rọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì.